Ọkọ̀ Ogun tí a fi ń Ṣeré

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí ìjọba kò bá nílò ọkọ̀ ogun kan mọ́, gbàǹjo ni wọ́n máa ń lù ú. Kì í ṣe àwọn oníṣòwò nìkan ni ó ń rà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní ẹrù kankan láti kó ni ó ń rà á fún ìgbádùn lásán, láti tún un ṣe, láti fi wọ inú ẹrẹ̀, àti láti fi bá wọn ṣe ìwọ́de ní ọjọ́ àjọ̀dún. Àwa kò rí ohun búburú nínú èyí. Ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán ní ẹ̀tọ́ láti fi owó rẹ̀ ṣeré. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń yan ọkọ̀ náà ni ó ń kọ wá lóminú.

Ojú ni wọ́n fi ń yàn. Èyí tí ó ga jù, tí ariwo rẹ̀ sì dàbí ààrá, ni wọ́n ń nawọ́ sí. Nítorí náà ni M35A2 fi gba ọkàn wọn. Láti 1950 ni ìran ọkọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. A ṣe é láti gbé ẹrù tọ́ọ̀nù 2½ nínú igbó àti tọ́ọ̀nù 5 lójú títì. Táyà 10 ni ó fi ń rìn, òfìfo rẹ̀ sì tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 6. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yani lẹ́nu: ó lè lo dísù, ó lè lo kẹrosíìnì, ó tilẹ̀ lè lo bẹntiróòlù bí ọ̀ràn bá le. Àwọn tí ó dàgbà tó láti rántí bọ́lẹ̀kájà orí Bedford ní ilé wa yóò mọ bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti í wu ojú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo abẹ́ rẹ̀. Ìjánu M35A2, èyíinì ni bíréèkì rẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni omi rẹ̀ ń gbà. Bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ a ran ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, omi a sì sáré lọ sí gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí páìpù kan bá bẹ́, omi a tú jáde, gbogbo ìjánu a sì kú lẹ́ẹ̀kan náà; ó ku ti ọwọ́ nìkan. A kò fi èyí bú àwọn tí ó ṣe é. Ogun ni wọ́n ń múra sí, àwọn mẹkáníìkì sì wà nínú àgọ́ tí ń yẹ̀ ẹ́ wò déédéé. Ẹni tí ó ń fi í ṣeré kò ní irú wọn. Ọkọ̀ rẹ̀ lè wà ní ẹ̀yìn ilé fún oṣù mẹ́fà, kí ìpáàrà máa jẹ páìpù, kí ó sì wá gùn ún jáde ní ọjọ́ àjọ̀dún sí ibi tí àwọn ọmọdé ń sáré kiri. Òun ni ó yàn láti ṣeré. Àwọn ọmọ wọnnì kò bá a ṣe àdéhùn kankan. Láti 1968 ni òfin Amẹ́ríkà ti fi dandan lé e pé kí ìjánu ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun pín sí ọ̀nà méjì. Ní èrò tiwa, ẹni tí kò bá lè náwó kí a pín ti M35A2 rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó má ṣe mú un jáde sí títì.

Bí ó bá sì wà nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé lọ́hùn-ún tí irú eré yìí wù, M1008 ni àwa ìbá fi hàn án. Chevrolet ni ó ṣe é fún àwọn ọmọ ogun láti nǹkan bí 1984, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti èkejì. Dísù ni ó ń lo, ọ̀nà méjì ni ìjánu rẹ̀ ní, ọ̀pọ̀ ohun èlò rẹ̀ sì bá ti ọkọ̀ Chevrolet tí gbogbo ayé ń gùn dọ́gba. Àwọn kan yóò fi í ṣẹ̀sín pé ọkọ̀ lásán tí a kùn ní ọ̀dà ológun ni. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: ẹni tí àgbàlá rẹ̀ kò gba ju ọkọ̀ méjì lọ, kí ni yóò fi táyà 10 ṣe?

Ọ̀ràn ìwé kò gùn. Kí olùrà béèrè ìwé tí a ń pè ní SF 97, nítorí òun ni a fi ń gba ìwé ẹ̀tọ́ ọkọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan kì í fẹ́ fún ọkọ̀ ogun ní nọ́ńbà rárá. Kí ó lọ wádìí ní ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tirẹ̀ kí ọjọ́ gbàǹjo tó pé, nítorí bí a ti bá ọkọ̀ náà ni a ń tà á, bí wọ́n bá sì ti lù ú mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sí ẹni tí yóò gbà á padà.