Géèjì Tó Ń Parọ́ Burú Ju Èyí Tó Ti Kú Lọ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ Peugeot 504 ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Láti ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ tó wà ní Kàdúnà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Nàìjíríà, síbẹ̀ bí ẹ bá gba ọ̀nà Akánrán tàbí Ìyànà Ọfà lónìí, ẹ ó ṣì rí píkọ́ọ̀pù rẹ̀ tó ru ẹ̀gẹ́ àti ọsàn bọ̀ láti oko.

Èmi náà ní ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún mi. Lọ́dún tó kọjá, géèjì tó ń sọ bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó kú. Mo wá sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ dé Gate, n ò rí ojúlówó. Ríwáyà kan ní kí n má dààmú, òun á tún un ṣe. Lóòótọ́, nígbà tí mo gba ọkọ̀, ọwọ́ géèjì dúró sí àárín gbùngbùn. Inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ẹrù ọsàn, ẹ́ńjìnnì hó lójú ọ̀nà, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì jó. Ọwọ́ géèjì ṣì wà láàárín! Nígbà tí a tú abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, resistor kékeré kan la bá níbẹ̀. Òun ló ń tàn mí jẹ.

Thermistor ló wà nínú ojúlówó sẹ́ńsọ̀. Bí wáyà lásán bá gbóná, ó máa ń ṣòro díẹ̀ sí i fún iná láti gba inú rẹ̀ kọjá. Ti thermistor yìí yàtọ̀: bó bá ṣe ń gbóná sí i ni iná ń rí ọ̀nà kọjá sí i. Michael Faraday ti ṣàkíyèsí irú èyí lára silver sulphide láti ọdún 1833. Iná tó ń kọjá yẹn ló ń gbé ọwọ́ géèjì sókè. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá gé wáyà rẹ̀, géèjì á ní ẹ́ńjìnnì tutù, bó tilẹ̀ ń jóná.

Àwọn kan ní imú làwọn fi ń mọ ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ hó. N ò jiyàn, àmọ́ kí imú tó gbọ́ òórùn, gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé a lè tún sẹ́ńsọ̀ yìí ṣe, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n.

Bí mo ṣe ṣe é rèé. Mo yá sẹ́ńsọ̀ tó ṣì dára lára 504 ọ̀rẹ́ mi kan ní Mọ́níyà. Mo gbé e kọ́ sínú ìkòkò omi pẹ̀lú tẹmọmítà, láìjẹ́ kó kan ìdí ìkòkò, láìjẹ́ kí omi kan ibi tí wáyà ń wọlé. Mo dáná, mo sì fi mítà iná ka iye ohm rẹ̀ ní 40, 60, 80, àti ìgbà tí omi hó. Nílùú Ìbàdàn, omi ń hó ní nǹkan bí 99, torí a ga ju òkun lọ. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo wá thermistor tó bá nọ́ńbà wọ̀nyẹn mu, mo fi sínú ilé idẹ sẹ́ńsọ̀ mi tó kú: ẹsẹ̀ kan kan ara idẹ, èkejì lọ síbi wáyà. Lẹ́yìn náà, mo tún dá a padà sínú ìkòkò, mo kà á. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó kéré bí orí ìṣáná: iná géèjì fúnra rẹ̀ á mú un gbóná, òun náà á sì máa pa irọ́ tirẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní àwọn ti tún sẹ́ńsọ̀ yín ṣe, ẹ béèrè nọ́ńbà rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ dán an wò: láàárọ̀ kùtù, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Bí ọwọ́ géèjì bá gun àárín lọ, ẹ má gbà á gbọ́.

N ò bá àwọn ríwáyà wa jà o. Ọwọ́ wọn yá, ọpọlọ wọn sì pé. Ohun tó kù ni ìkòkò omi, tẹmọmítà àti bírò.