A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ọ̀rọ̀ Lórí Irun Àwọn Obìnrin Wa Tó Ń Fẹ́lẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, abẹ́ gèlè ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi í pamọ́ sí. Irun iwájú orí ń sún sẹ́yìn, ẹ̀bátí ń dán, àárín orí ń hàn síta. Ẹni tó ń ṣe kì í sọ, ẹni tó rí i kì í bèèrè, títí tí nǹkan tí à bá tètè tọ́jú yóò fi kọjá àtúnṣe.

Ta ló yẹ kó sọ ọ̀rọ̀ yìí bí kò ṣe àwa tí à ń bọ Orí? Nínú ẹ̀sìn wa, a kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú irun. Ọmọ tó bá mú irun tó ta kókó wáyé, Dàda ni, a kì í sì dédé fi abẹ kàn án. Ìyàwó òrìṣà, a ó fá orí rẹ̀ kí ó tó di ẹni tuntun. Elégùn Ṣàngó, bó tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin, a máa dirun. Opó a máa tú irun rẹ̀ sílẹ̀ kí ayé lè mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀, onídìrí ni à ń pè é, òòyà kò sì jìnnà sí ojúbọ rẹ̀. Nítorí náà, bí irun obìnrin bá ń tán, kì í ṣe ẹwà nìkan ló ń bá a lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń rò lọ́kàn pé Orí àwọn ló kọ àwọn.

Ìdáhùn mẹ́ta ni mo ń gbọ́ láàárín wa, kò sì sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é, pé ẹnìkan ti mú irun rẹ̀ lọ. Àwọn kan ní ọ̀làjú òyìnbó ló fà á, pé bí obìnrin bá ti padà sí dídì ìbílẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ jiyàn. Ìgò òróró ni wọ́n gbé kalẹ̀, wọ́n ní òrìṣà ló fi hàn wọ́n, wọ́n sì dá owó lé e. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ń sọ ìyá arúgbó aláìṣẹ̀ di àjẹ́ àdúgbò. Èkejì ń tan àwa fúnra wa jẹ. Ẹ̀kẹta ń jẹ owó, ó sì ń jẹ àkókò, bẹ́ẹ̀ àkókò gan-an ni ohun tí irun kò ní.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí irun ṣe ń hù. Irun orí ènìyàn a máa tó ọ̀kẹ́ márùn-ún, ìyẹn nǹkan bí 100,000. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan a máa hù fún ọdún 2 sí 6, a sinmi fún bí oṣù 3, a sì já kí òmíràn lè rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyí tí irun 50 sí 100 fi lè já lójúmọ́ lórí ẹni tí ara rẹ̀ le. Obìnrin tó fi irun sílẹ̀ ní dídì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tó wá rí òṣùṣù irun lára òòyà lọ́jọ́ tó tú u, kó má sáré ké gbàjarè. Irun oṣù kan ló kóra jọ. Ohun tó yẹ kó ba ni lẹ́rù ni kí ojú ibi tí irun ti já máa wà bẹ́ẹ̀, kí ohunkóhun má hù níbẹ̀ mọ́.

Èyí tó ń ba irun iwájú àti ẹ̀bátí jẹ́ jù láàárín wa ni fífà. Bí a bá ń fa irun lójoojúmọ́, ìdí rẹ̀ yóò wú, àwọn kókó kéékèèké yóò yọ káàkiri etí irun, orí yóò máa fọ́ obìnrin náà lálẹ́ ọjọ́ tó dirun. Lẹ́yìn náà ni irun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́. Bí a bá dáwọ́ dúró nígbà náà, irun á padà. Bí a kò bá dáwọ́ dúró, ojú àpá yóò bo ìdí irun, irun kò sì ní hù níbẹ̀ mọ́.

Fífà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àṣà àti ọ̀làjú. Ṣùkú tí a fà le koko lè pa irun gẹ́gẹ́ bí irun àtọwọ́dá tó gùn dé ìbàdí ṣe lè pa á. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún ọmọbìnrin pé dídì tiwa kò lè ṣe é níbi. Ohun tí àwọn ìyá wa ní tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbàgbé ni ìwọ̀n. Ní ọdún 1968 ni ayàwòrán J.D. ’Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwòrán irun tó yà sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ wo àwọn àwòrán náà dáadáa: ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ irun orí ẹni gan-an, tí a fi ọwọ́ dì tàbí tí a fi òwú kó. Irun bẹ́ẹ̀ kò ní ẹrù tí yóò máa wọ́ ọ nílẹ̀. A ó tú u, a ó fi òrí tàbí àdín pa orí, a ó jẹ́ kó mí, kí a tó dì òmíràn. Lónìí, àwọn mìíràn a gbé irun kan rù fún oṣù méjì, wọ́n á tú u láàárọ̀, wọ́n á sì di èyí tó tún wúwo jù ú lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Rílásà ló tẹ̀lé e. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà Ìtokú, ẹ mọ kọ́sítíìkì sódà tí àwọn aláró ń lò sínú ìkòkò aró àdìrẹ. Ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń fi ọwọ́ lásán bọ inú rẹ̀. Èròjà yẹn kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ rílásà, òun ló ń já ohun tó so irun pọ̀ nínú kí irun lè nà. Àwọn oríṣi mìíràn kò ní in, ṣùgbọ́n èròjà mímúná mìíràn ló rọ́pò rẹ̀. Irun tí a bá ti fi rílásà sọ di ọ̀lẹ, tí a tún wá fà le koko, ìyà méjì ló ń jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà sì ti kọjá irun nìkan. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n tẹ̀ lé àwọn obìnrin tó lé ní 33,000 jáde láti sọ pé jẹjẹrẹ ilé ọmọ wọ́pọ̀ lára àwọn tó ń lo ohun tí ń na irun ju ìgbà mẹ́rin lọ lọ́dún ju bó ṣe wà lára àwọn tí kò lò ó lọ. Wọn kò tíì sọ pé òun gan-an ló fà á, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í dúró de ìgbà tí iná bá jó o tán.

Àwọn ìdí kan wà tí kò kan òòyà rárá, inú ara ni wọ́n ti ń wá. Obìnrin tó bímọ, láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin, irun rẹ̀ lè máa já wìtìwìtì. Nígbà oyún, ọ̀pọ̀ irun tí ì bá já ló dúró. Ìsinsìnyí ni wọ́n ń lọ pọ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, púpọ̀ nínú rẹ̀ á padà, a kò sì ní láti wá ẹni tí a ó dá lẹ́bi. Ibà líle, iṣẹ́ abẹ, ebi àti ọ̀fọ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ti kọjá. Opó tí irun rẹ̀ ń já, ìbànújẹ́ lè ti fà á, kì í ṣe pé òkú ń bá a jà. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ya jù, bóyá nítorí ìju, lè ṣàìní ẹ̀jẹ̀ tó. Èròjà irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni irun náà fi ń hù. Ẹṣẹ́ kan sì wà nínú ọrùn, tairọ́ìdì, èyí tí gẹ̀gẹ̀ ń yọ lára rẹ̀. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dín tàbí tó pọ̀ jù, irun á fẹ́lẹ́.

Àrùn awọ orí náà wà. Làpálàpá orí, èyí tó wọ́pọ̀ lára ọmọdé, oògùn jíjẹ ni ilé ìwòsàn fi ń wò ó, ìpara nìkan kì í tó o. Òmíràn a máa pá orí ní róbótó róbótó, nítorí pé àwọn ọmọ ogun ara kọjú ìjà sí ìdí irun. Èyí tó le jù ni èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín orí, tó ń gbòòrò lọ sí ẹ̀gbẹ́, tí orí a máa yún tàbí ta obìnrin náà. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ló ń bá jà jù. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ rí i pé ìyípadà nínú ohun àjogúnbá kan, èyí tí wọ́n ń pè ní PADI3, wà lára àwọn kan nínú wọn. Àpá ni àrùn yìí ń dá sílẹ̀. Oògùn lè dá a dúró, ṣùgbọ́n ibi tó bá ti di àpá kò ṣeé dá padà.

Kí wá ni ṣíṣe? Bí dídì bá ń dun ni, ẹ ní kí onídìrí tú u lójú ẹsẹ̀. Ìrora kì í ṣe ẹ̀rí pé irun dára. Ẹ dín ìwọ̀n irun àtọwọ́dá kù, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lórí, ẹ fún orí ní ìsinmi láàárín méjì. Ẹ má fi rílásà sí orí tó ní egbò, ẹ má sì dì í le lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀dọ̀, ẹyin àti ẹ̀fọ́ ṣọkọ. Òrí àti àdín dára: wọ́n ń mú irun rọ̀, wọn kì í jẹ́ kó tètè já. Àmọ́ wọn kò lè jí ìdí irun tó ti kú, ẹni tó bá sì sọ pé wọ́n lè ṣe é, ọjà ló ń tà. Ohun tó ń ta orí bí ata kì í ṣe ẹ̀rí agbára. Oògùn tí a ń pè ní minoxidil ń ran irun àjogúnbá tó ń fẹ́lẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ aláboyún tàbí abiyamọ. Bí irun bá ń tán láti àárín orí, tàbí tí orí ń ta, tàbí tí awọ orí ń dán, ẹ lọ bá dókítà awọ ara kíákíá, ẹ sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Federal Medical Centre wà ní Ìdí-Àba nílùú wa, Abẹ́òkúta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, wọn yóò júwe ibi tó kàn.

Ẹnikẹ́ni lè bi mí pé, ṣé a ó wá pa Ifá tì ni? Rárá o. Kí ẹni tó bá fẹ́ dífá dá a, kó sì bọ Orí rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yin babaláwo àti Ìyánífá ni pé kí ẹ bèèrè kí ẹ tó sọ̀rọ̀: ìgbà wo lo bímọ? Báwo ni nǹkan oṣù rẹ? Irú irun wo lo ń ṣe? Ta ló kú nílé yín? Ẹbọ kò dí ọ̀nà ilé ìwòsàn, ilé ìwòsàn kò sì ba ẹbọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi orúkọ òrìṣà ta òróró fún obìnrin tí orí rẹ̀ ń dá àpá, ó ti ji ọdún tí ì bá fi rí ìwòsàn.

Ẹ̀yin ìyá, mo fi àwọn ọmọbìnrin kéékèèké bẹ̀ yín. Àwa la máa ń sọ pé kí ọmọ fara dà á, pé bí irun bá ti le ló ń pẹ́. Orí ọmọ ọdún márùn-ún ni ìpárí ẹni ogójì ọdún ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ọjọ́ 20 oṣù Ògún, bá tún dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n jáde pẹ̀lú irun tó rọ orí lọ́rùn. Ẹ̀yin onídìrí, ọwọ́ yín la fi irun wa lé. Ẹ sọ òtítọ́ fún oníbàárà, kódà bí owó ọjọ́ náà yóò bá lọ. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jẹ́ kí àwàdà orí pípá dópin nínú ilé yín.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Obìnrin ló ni orí rẹ̀. Kí ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i, kí ó yan ìtọ́jú rẹ̀ láìsí ìtìjú. Bó bá fẹ́ fá a kodoro, orí rẹ̀ kò dín ní Orí nítorí pé irun kò sí lórí rẹ̀. Kí Orí má ṣe gbàbọ̀dè fún wa. Àṣẹ.