Àgùàlà Kì Í Ṣe Ajá Oṣù

Iná lọ ní Adigbẹ lálẹ́ ọjọ́ kan, a wá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù oníPOS kan tí kò jìnnà sí ọjà, à ń dúró kí wọ́n mú un dé. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Àgùàlà ń tàn lápá ìwọ̀ oòrùn, ó mọ́lẹ̀ débi pé ọ̀kan nínú wa ní bàálù ni. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá kan tó wá gba owó ní ká má yọ ara wa lẹ́nu, pé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ tí à ń dárúkọ wọ̀nyẹn ò mọ nǹkan kan. "Lónìí wọ́n á sọ báyìí, lọ́la wọ́n á yí i padà. Ṣé bí ẹni tó mọ nǹkan ṣe ń ṣe nìyẹn?" Bàbá kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní kí tilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sọ tí Ifá ò tíì sọ tipẹ́tipẹ́. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà fún ara wọn, ó parí.

Àwa ò gbà. Ohun tí a ò ráyè sọ tán lálẹ́ ọjọ́ náà la fẹ́ sọ níbí.

Gbogbo wa la mọ òwe yẹn: Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni, Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Ẹni tó ń fojú ọmọ ẹ̀yìn wo ẹlòmíràn la máa ń pa á fún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Àríyànjiyàn nípa ojú ọ̀run ló wà nínú ẹ̀. Àwọn kan wòkè, wọ́n rí ìmọ́lẹ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá, wọ́n ní ajá rẹ̀ ni. Kí ẹlòmíràn tó lè la ẹnu pé rárá, ó ní láti ti wò ó fún ọ̀pọ̀ alẹ́: alẹ́ tí òṣùpá yọ tí Àgùàlà ò sí nítòsí, alẹ́ tí Àgùàlà dá jáde láìsí olówó rẹ̀. Ajá wo ló ń dá rìn báyẹn? Wọ́n wá fi àríyànjiyàn yẹn ṣòwe, àwa sì gbé òwe, a gbàgbé àríyànjiyàn.

Àgùàlà yìí kan náà ló da ilé rú ní Ìtálì. Fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, ètò Ptolemy ará Alẹkisáńdríà ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé dì mú: ayé wà láàárín, oòrùn, òṣùpá àti gbogbo yòókù ń yí i ká. Ní 1543 Copernicus tẹ ìwé jáde pé oòrùn ló wà láàárín. Wọ́n jà sí i, wọ́n jà sí i. Ní ìparí ọdún 1610, Galileo dojú awò tó ń fa ohun òkèèrè súnmọ́ni kọ Àgùàlà, ó rí i pé òun náà ń lé, ó ń kún, ó ń tín-ín-rín bí òṣùpá. Bó bá jẹ́ bí Ptolemy ṣe tò ó ló rí, Àgùàlà ò lè kún láé. Ó sì kún. Oòrùn ló ń yí ká. (Ètò Tycho Brahe, tó fi oòrùn yí ayé ká tó sì fi àwọn yòókù yí oòrùn ká, ṣì lè gba èyí mọ́ra, nítorí náà ìjà ò parí lọ́jọ́ yẹn.) Wọ́n dá Galileo lẹ́bi ní 1633, wọ́n sé e mọ́lé títí ó fi kú ní 1642. Àgùàlà ò dúró gbọ́ ẹjọ́.

Ìyẹn tún jìnnà sí wa díẹ̀. Èyí tó kàn wá gan-an nìyí, torí pé ọmọ Nàìjíríà kan wà nínú ilé tí wọ́n ti ja ìjà ọ̀hún.

Georges Lemaître, àlùfáà Kátólíìkì ará Belgium, kọ ọ́ ní 1927 pé àgbáálá ayé ń fẹ̀. Ní 1931 ó ní ohun kékeré kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín méjèèjì, ní 1929, Edwin Hubble ti fi ìwọ̀n hàn ní Amẹ́ríkà pé bí agbo ìràwọ̀ kan bá ṣe jìnnà sí wa tó ló ṣe ń sáré lọ tó. Ní 1948, àwọn ọkùnrin mẹ́ta ní Cambridge, Fred Hoyle, Hermann Bondi àti Thomas Gold, ní lóòótọ́ ó ń fẹ̀, àmọ́ kò níbẹ̀rẹ̀, kò sì lópin: bí àwọn agbo ìràwọ̀ ṣe ń jìnnà síra, nǹkan tuntun ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti dí àlàfo. Ẹ ro ọjà Adigbẹ wò. Ẹni kan ń lọ, ẹni kan ń dé. Bí ẹ bá ya fọ́tò rẹ̀ lónìí, tí ẹ tún yà á lọ́dún tó ń bọ̀, èrò inú ẹ̀ á yàtọ̀, ọjà á sì rí bó ṣe rí. Hoyle yìí ló sọ èrò àwọn alátakò rẹ̀ ní Big Bang lórí rédíò BBC ní 1949. Àwọn ènìyàn ní yẹ̀yẹ́ ló fi ń ṣe. Òun ní rárá, pé kó lè yé olùgbọ́ ni. Orúkọ náà mọ́ ọn lórí ṣáá.

(Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ìjà ìgbàgbọ́ àti sáyẹ́ǹsì ni, ẹ wò ó dáadáa o. Àlùfáà ló ní ayé bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Póòpù Pius Kejìlá sì wá fi èrò náà ti ìtàn ìṣẹ̀dá lẹ́yìn ní 1951, inú Lemaître ò dùn sí i rárá.)

Ní Cambridge kan náà ni Martin Ryle wà, tó ń fi eriali gbọ́ ìró rédíò láti ojú ọ̀run. Ìmọ́lẹ̀ àti ìró rédíò máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Ohun tó bá jìnnà, bó ṣe rí nígbà àtijọ́ là ń rí. Tí ọjà Hoyle ò bá yí padà lóòótọ́, iye ohun tó ń ké lókèèrè gbọ́dọ̀ bá ti ìtòsí mu. Ryle kà wọ́n, ó ní ti òkèèrè pọ̀ jù. Ní 1955 ó kéde pé ó tán fún Hoyle. Ó yára jù! Àwọn ará Ọsirélíà ka tiwọn, wọ́n fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí Ryle kà jẹ́ ìró tó dà pọ̀ mọ́ra lásán. Ryle padà sídìí iṣẹ́, ó tún un kà. Ní 1961 ó gbé iye tó dára jù jáde níwájú àwọn akọ̀ròyìn, wọ́n sì pe Hoyle wá jókòó síbẹ̀ kó máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tú u ká. Hoyle fúnra rẹ̀ ròyìn ọjọ́ náà tìbínú-tìbínú.

Ọdún kan lẹ́yìn èyí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ inú agbo Ryle. Samuel Ejikeme Okoye ni, ọmọ Amawbia nílẹ̀ Ìgbò, tó ti ka físíìsì ní Ìbàdàn níbí. Antony Hewish ló tọ́ ọ sọ́nà. Ní 1965 àwọn méjèèjì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé nínú Crab Nebula, àjẹkù ìràwọ̀ tí àwọn ará Ṣáínà rí nígbà tó bú ní 1054, ohun kékeré kan wà tí ìró rédíò rẹ̀ lágbára kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣàlàyé. Ìgbà tó di ìparí 1968 ló hàn: ìràwọ̀ tó ti kú ni, ó sì ń pòyì ní nǹkan bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Okoye ni adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú fífi rédíò wo ìràwọ̀. Ó padà wálé. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ní 1972, ó dá ibùdó ìwádìí ojú ọ̀run sílẹ̀ ní yunifásítì tó wà ní Nsukka. Ó kú ní 2009.

Ẹ dá àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga dúró ní Pańṣẹ́kẹ́, ẹ ní kí wọ́n dárúkọ onímọ̀ ìràwọ̀ mẹ́ta. Wọ́n á dárúkọ Galileo, Newton, bóyá Hawking. Ẹ ò ní gbọ́ Okoye. Àwa tí à ń pariwo yìí náà, kò tíì pẹ́ tí a mọ̀ ọ́n, ó sì dùn wá.

Lọ́dún 1965 yẹn kan náà, Penzias àti Wilson kéde ní Amẹ́ríkà pé ariwo kan ò jẹ́ kí eriali àwọn sinmi. Wọ́n ti lé ẹyẹlé kúrò nínú rẹ̀, wọ́n ti kó ìgbẹ́ wọn, ariwo ò lọ. Ooru tó ṣẹ́ kù láti ìgbà tí ayé bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá tẹlifíṣàn àtijọ́, ìgbà tí OGTV bá ti tì tí ojú ẹ̀ ń ta wàràwàrà, díẹ̀ nínú ohun tí ẹ ń rí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi Hoyle sílẹ̀. Òun ò gbà títí ó fi kú ní 2001.

Síbẹ̀, Hoyle kì í ṣe òpè. Ní 1957 òun, tọkọtaya Burbidge àti William Fowler ṣàlàyé bí inú ìràwọ̀ ṣe ń pèsè irin àti ọ̀pọ̀ ohun mìíràn, àlàyé náà ṣì múlẹ̀ dòní. Irin tó wà nínú àdá, irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwa tí à ń gbé ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ Ògùn, ìràwọ̀ ló kọ́kọ́ rọ ọ́. Òun náà ló sì bọ́ síta sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n fún Ryle àti Hewish ní ẹ̀bùn Nobel ní 1974 tí wọ́n fo Jocelyn Bell, obìnrin tó kọ́kọ́ rí irú ìràwọ̀ tó ń pòyì bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, Bọ̀dá, òótọ́ lẹ sọ, wọ́n ń yí i padà. Ẹ wá sọ fún wa ohun tí Ryle ì bá ṣe ní 1955 nígbà tí wọ́n fi àṣìṣe rẹ̀ hàn án. Kó dì í mú? Ẹ̀yin náà, bí mẹ́káníìkì bá ní púlọ́ọ̀gì ló bàjẹ́, tó pààrọ̀ rẹ̀ tí ọkọ̀ ò ṣiṣẹ́, ṣé ẹ ò ní fẹ́ kó wo ibòmíràn ni?

Bàbá, ẹ má bínú sí wa. A ò bá Ifá jà. Ohun tí à ń bá jà ni kí ẹlòmíràn fi ogójì ọdún ka ìró, kó ṣìṣe, kó tún un kà, kí àwa wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì pé a ti mọ̀ ọ́n. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún wa kí wọ́n tó rí i. Ìjà kan ń lọ lọ́wọ́ báyìí: àwọn tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ ní àgbáálá ayé ń fẹ̀ ní kìlómítà 67 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan fún gbogbo megaparsec, àwọn tó ń wọn ìràwọ̀ ìtòsí ní 73 ni. Wọn ò tíì rí ojútùú rẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan, Bàbá, ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká fi déètì sí i.

Àwọn baba ńlá wa gan-an ò fi ohùn kan sọ bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀wọ̀n ni Odùduwà fi rọ̀; wọ́n ní Ọbàtálá ni wọ́n kọ́kọ́ rán, ó mu ẹmu, ó sùn lọ; ìwé Samuel Johnson tó jáde ní 1921 gbé ìtàn Mẹ́kà kalẹ̀. Wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ìgbà wo ni ìbéèrè wá di àrífín? Ọ̀kan nínú wa, nígbà tó wà ní pírámárì, bi tíṣà pé tí ayé bá ń yí, kí ló dé tí omi kò fi dà nù. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀, ó ń fi ọgbọ́n orí jágbọ́n. Ó di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kó tó rí ìdáhùn lórí YouTube, lẹ́nu ọmọ Íńdíà kan.

Èdè gan-an kọ́ ló ń dí wa lọ́wọ́. Láti 1970, iṣẹ́ tí Babs Fafunwa darí ní Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ṣe dáadáa. Kí ló wá dé tí ìjà Hoyle àti Ryle ò fi sí ní Yorùbá lórí fóònù wa, tí ìjà olórin méjì sì wà níbẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́?

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló wà kí ó tó bú? A ní a ò mọ̀, pé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ṣì ń jà sí i. Wọ́n ní, "Ẹ ṣe wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ látàárọ̀?" A fẹ́ fèsì ni iná dé. Gbogbo àdúgbò pariwo "Up NEPA!", kálukú dìde lọ ṣaájì fóònù. Nígbà tí a máa wòkè, Àgùàlà ti wọ̀.