Ṣé Dandan Ni Windows?



Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mẹ́ta tó wà ní ọ́fíìsì wa ní Bẹẹrẹ ni mo bá wá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft parí ìtọ́jú Windows 10. Àfikún tí wọ́n fi sí i, ti ìgbà díẹ̀ ni. Windows 11 kò gba àwọn ẹ̀rọ wa: ó ń béèrè ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0 àti ẹ̀rọ tó tuntun ju tiwa lọ. Ni àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ bá ní ká tà wọ́n, ká fi owó tí wọ́n ń yọ lórí owó oṣù yín ra tuntun.

Mo ní rárá. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ń tàn, wọ́n ń kọ̀wé, wọ́n ń ṣírò. Ẹni tó ń ta Windows ló ní wọ́n ti darúgbó. Bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bá sọ bẹ́ẹ̀ nípa òṣìṣẹ́ ẹni àádọ́ta ọdún tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì le, ṣé a ó gbà?

Linux ni mo ní ká lò. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991, ó sì fi í sílẹ̀ kí gbogbo ayé jọ máa tún un ṣe. Oríṣiríṣi ló wà, èyí ló sì ń dẹ́rù ba ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bọ́lẹ̀kájà àtijọ́ mọ̀ pé ẹ̀ńjìnnì Bedford kan náà ni, gbẹ́nàgbẹ́nà kálukú ló ń kan pákó tirẹ̀ lé e. Fún ẹni tí Windows ti mọ́ lára, Linux Mint ni kó mú. Ibi tí à ń tẹ̀ kí iṣẹ́ jáde wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, bí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Mẹ́mórì 4GB tó fún un. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ Gúúsù Áfríkà gbé jáde ní 2004, kò burú, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ló to nǹkan sí. Ìsàlẹ̀ ni ọwọ́ èmi ń lọ ṣáá.

N kò ní purọ́ fún yín. Ẹni tó ń fi CorelDRAW ṣe ìwé ìpè òkú ní Bẹyẹrúnkà, kó má ì sáré. LibreOffice ń ṣí ìwé Word àti Excel, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ìwé àdéhùn owó oṣù wa sí i, tábìlì kan yẹ̀, mo sì tún un tò.

Ẹ̀yin tó ní Linux kò bá ilẹ̀ wa mu, ẹ rántí 2007. Mandriva ti ilẹ̀ Faransé gba iṣẹ́ láti fi Linux sórí kọ̀ǹpútà 17,000 fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà. Lójijì, a gbọ́ pé Windows ni wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ìròyìn sì jáde pé Microsoft ń bá agbaṣẹ́ṣe náà sọ̀rọ̀ $400,000, wọ́n pè é ní owó ìpolówó. Ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer. Lẹ́yìn náà ni àjọ ìjọba tó ń sanwó ní Mandriva ni àwọn ṣì fẹ́. Ta ni kò fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ ọ̀nà mìíràn?

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, màá mú fílàṣì wá. Mint lè ṣiṣẹ́ láti orí rẹ̀ láìpa nǹkan kan rẹ́. Kí akọ̀wé wa jókòó, kí ó kọ lẹ́tà kan, kí ó ṣírò owó oṣù kan lójú gbogbo wa. Bí kò bá lè ṣe é, èmi náà yóò nawọ́ sókè fún rírà tuntun.