Ọwọ́ ju owó lọ

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ ìwé, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń lọ àgbàdo àti èyí tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Láti Bantè dé Savalou, ariwo wọn kò ṣàjèjì sí wa.

Àwọn ẹlẹ́rọ kan máa ń sọ pé: “Èrò pọ̀. Bí mo bá pa ẹ̀rọ, owó lọ. Ojo ló ń pa ẹ̀rọ kó tó tún un ṣe.” Mo ní irọ́ ni! Ẹni tó ń ti ọwọ́ bọ ẹ̀rọ tó ń yí kì í ṣe akin. Kò rò ó dáadáa ni.

Òótọ́ ni pé iṣẹ́ díẹ̀ wà tí a kò lè ṣe bí ẹ̀rọ bá kú. Ìgbà tí ọlọ bá ń yí ni a ń fún un kí ìyẹ̀fun lè kúnná. Ẹ̀rọ tó dákẹ́ kò lè jẹ́ kí a gbọ́ ibi tó ti ń dún. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá iná dé inú mọ́tò, ìgbà tí iná wà ló lè wò ó. Ṣùgbọ́n ṣé torí ìyẹn ni a ó fi máa fi ọwọ́ ti okùn rọ́bà sípò nígbà tó ń sáré? Ṣé torí ìyẹn ni a ó fi máa fi ìka yọ ẹ̀gẹ́ tó há? Rárá o!

Kí o tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́ta:

1. Ṣé dandan ni kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ nígbà tí mò ń ṣe èyí? Bí kì í bá ṣe dandan, pa á.

2. Kí ló lè ṣe mí ní jàǹbá? Wo ohun tó ń yí, ohun tó gbóná, àti wáyà tó bó. Wo aṣọ rẹ pẹ̀lú: ẹ̀rọ kì í mọ̀ pé ìborùn yàtọ̀ sí ẹ̀gẹ́.

3. Bí ó bá mú mi, ta ni yóò pa á kíákíá?

Bí o kò bá rí ìdáhùn, má ṣe é.

Ẹ má fojú kéré iná. Iná tó ń kọjá nínú gílóòbù wáàtì 60 kan ṣoṣo ju èyí tó lè pa ènìyàn lọ. Mélòómélòó ni ti mọ́tò?

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1990, òfin ní kí ẹni tó fẹ́ tún ẹ̀rọ ńlá ṣe pa á, kí ó fi àgádágodo tirẹ̀ ti ibi tí a ti ń tan án. Ní Benin níbí, òfin iṣẹ́ 98-004 ti ọdún 1998 ní ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ dáàbò bo àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni à ń rí? Ọ̀gá ń gba owó, ọmọ iṣẹ́ ló ń na ọwọ́. Bí ìka ọmọ náà bá gé, kí ni yóò fi di ọkọ́ mú? Kí ni yóò fi di kálámù mú?

Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de ìyẹ̀fun, ẹ yéé pariwo “ṣe kíá, ṣe kíá!” Owó tó lọ lónìí lè padà lọ́la. Ọwọ́ tó gé kì í hù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ ti mọ̀wé báyìí. Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta yìí gàdàgbà sára ògiri ilé ẹ̀rọ yín. Ẹ kà á fún ẹni tí kò tíì mọ̀wé.