Ọ̀rọ̀ Awo: Irin Ògún Tó Ń Lo Iná



Ọdún Ògún ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, àdá, ọkọ́, ìbọn ọdẹ àti àáké àwọn agbẹ́gilére ni wọ́n máa ń kó síwájú Ògún. Lónìí, dírììlì ti wà láàárín wọn, filing machine tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin náà sì ti di ti àwọn agbẹ́gilére wa. Èmi ò rí nǹkan tó burú níbẹ̀. Irin ni irin, ẹni tó bá ń fi í jẹun ló yẹ kó bọ ọ́. Ṣùgbọ́n irin tó ń lo iná kò rí bí àdá. Ọ̀nà tí a ń gbà bọ ọ́ àti ọ̀nà tí a ń gbà lò ó, méjèèjì ló ń bà mí lẹ́rù.

Mo ti rí ẹni tó da ẹmu sórí dírììlì bí ẹni ń da á sórí òkúta Ògún. Ẹ wo ara máṣíìnì yẹn dáadáa: ó ní ihò wẹ́ẹ́rẹ́-wẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó fi ń mí, wáyà ló sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹmu tàbí ẹ̀jẹ̀ bá gba ibẹ̀ wọlé, iná lè jáde sí ara máṣíìnì, ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ súwíìṣì lọ́jọ́ kejì ló máa gbà á. Iná ilé wa, 230 volt ni. Kò mọ ẹni tó bọ Ògún lánàá. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ gbé máṣíìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí sípánà tí ẹ fi ń tú u gba epo àti ẹmu. Irin ni sípánà náà, Ògún ò ní bínú. Ẹni tó bá sì ti mu nínú ẹmu ìbọ, kó fi iṣẹ́ dọjọ́ kejì.

Èyí tó wà lọ́kàn mi gan-an ni ti ìbòrí irin tó wà lára filing machine. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbẹ́ ọpọ́n Ifá wá bá mi lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, wọ́n ti rán ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní dísìkì fọ́ mọ́ òun lójú. “Bàbá, ẹ bá mi wádìí ohun tí mo fi ṣẹ Ògún.” Mo dá Ifá fún un. Ire ni Ifá fọ̀. Odù tó yọ kì í ṣe ti inú ìwé yìí. Mo wá ní kó gbé máṣíìnì náà wá kí n rí i. Máṣíìnì kékeré ni, èyí tó ń lo dísìkì ínṣì mẹ́rin àbọ̀, àmọ́ dísìkì ńlá, ínṣì mẹ́sàn-án, ló fi sí i. Dísìkì náà kò gba abẹ́ ìbòrí, ló bá yọ ìbòrí dànù.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Irú máṣíìnì kékeré yẹn máa ń yí tó ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ara dísìkì ńlá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kò gbọ́dọ̀ yí ju 6,600 lọ. Wọ́n ń yí i ju ìlọ́po kan àbọ̀ agbára rẹ̀ lọ, kí ló fẹ́ ṣe tí kò ní fọ́? Ìbòrí yẹn ni ì bá sì gba àfọ́kù rẹ̀. Mo ní ẹbọ rẹ̀ ni kó ra ìbòrí mìíràn, kó sì lo dísìkì tó bá máṣíìnì mu. Ó wò mí bí ẹni pé mo ń ṣeré. N kò ṣeré. Ẹni tó yọ ìbòrí tó wá ń ké pe Ògún, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń bẹ òrìṣà kó bá òun ṣe.

Ẹ tún wo òrùka irin kékeré tó wà láàárín dísìkì, oṣù àti ọdún tí lílò rẹ̀ parí wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì ná. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí tuntun yí lásán fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ má dúró sí ọ̀kánkán rẹ̀. Àwo eléyín bíi ti ayùn tí wọ́n ń fi sí i láti gé igi, n kò fẹ́ rí i lágboolé wa. Eyín rẹ̀ máa ń há mọ́ igi, máṣíìnì á sì ta padà sí ẹni tó dì í mú. Àáké àti ọ̀bẹ ni kí ẹ fi gbẹ́ ẹ, kí ẹ fi dísìkì oníyanrìn dán an. Kí ẹ sì wọ awò ojú. Awò iṣẹ́ ni mo wí o, kì í ṣe awò oòrùn tí ẹ ń wọ̀ lọ òde.

Èyí tó kàn lè má dùn mọ́ àwọn kan. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn tó gùn, ẹ bọ́ ọ kí ẹ tó tan máṣíìnì. Dírììlì tó bá ká okùn ìlẹ̀kẹ̀ á fa orí wá sílẹ̀ kí ọwọ́ tó dé súwíìṣì. Ìdè Ifá tó fún mọ́ ọrùn ọwọ́, ẹ fi aṣọ tó fún bò ó. Èyí tó bá ń ṣò, ẹ bọ́ ọ. Ọ̀rúnmìlà kò ní kọ̀ yín sílẹ̀ nítorí wákàtí kan. Ẹ̀yin Dàda, ẹ di irun yín mọ́ inú fìlà. Lẹ́búlẹ́bú igi ìrókò máa ń ta ní imú àti lára, ó sì lè mú kí èémí ẹlòmíràn há, nítorí náà ẹ bo imú.

Bí iná bá lọ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ pa súwíìṣì, kí ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Máṣíìnì mìíràn ní súwíìṣì tó ṣe é há mọ́lẹ̀. Ẹni tó gbàgbé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì tó lọ jẹun, tí iná bá dé, máṣíìnì á dìde fúnra rẹ̀, bóyá ọmọdé ló sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín fi dírììlì ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, 120 volt ni iná tiwọn. Bí ẹ bá kì í bọ tiwa tààrà, á jóná.

Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ògún tó ń bọ̀, kí gbogbo ẹni tó ní máṣíìnì gbé e wá sí agboolé, pẹ̀lú ìbòrí àti dísìkì rẹ̀. A ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó dá obì.