Ọkàn Kì í Dúró De Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ

Ní Sango-Ọ̀tà níbí, bí àyà bá ń dun ọkùnrin, ọgbẹ́ inú la máa ń pè é. Wọ́n á fún un ní oògùn funfun inú ìgò, wọ́n á ní kó dín ata kù. Ohun tí wọ́n sọ fún àbúrò bàbá mi gan-an nìyẹn nígbà tí àyà dì í mú lẹ́nu iṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ kan. Nọ́ọ̀sì kò ní ẹ̀rọ ECG, èyí tó ń ya bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ sórí bébà. Ilẹ̀ mọ́, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá wálé, ó sùn. Ìrọ̀lẹ́ la tó gbé e dé ọsibítù tó mọ ohun tó ń ṣe é. Apá kan ẹran ọkàn rẹ̀ ti kú. Ó wà láàyè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n òun tó ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì tẹ́lẹ̀ kò lè gbé kẹ́ẹ̀gì omi mọ́.

Ẹ má sọ fún mi pé àìsàn olówó ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá àti ọ̀rá tó ń lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í wo àpò ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó ṣọṣẹ́.

Ìtọ́jú rẹ̀ kì í sì í ṣe àdììtú. Ní 1977, Andreas Gruentzig fi bálúùnù kékeré la iṣan ọkàn tó dí ní Zurich. Ṣùgbọ́n irú iṣan bẹ́ẹ̀ lè tún dí. Ní 1986, ní Toulouse ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n fi stent, ìyẹn àwọ̀n irin tíntìnnì, dá iṣan dúró ní ìṣísílẹ̀. Lónìí oògùn ti wà lára irin náà, ọ̀pọ̀ dókítà sì ń gba ọrùn ọwọ́ wọlé dípò òkè itan, torí ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dà níbẹ̀. Wọ́n ń ṣe é ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, ní ọsibítù Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ.

Àwọn kan á ní kí ìjọba kọ́ irú rẹ̀ sí Ọ̀tà. Kò burú, ṣùgbọ́n kọ́ ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè. Ìwádìí ISCHEMIA, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020, tí wọ́n ṣe lára èèyàn tó lé ní 5,000, fi hàn pé fún àwọn tí àìsàn wọn wà lójú kan, stent tàbí iṣẹ́ abẹ kò dín ikú kù ju oògùn nìkan lọ. Ibi tí stent ti ń gba ẹ̀mí là ni ìgbà tí iṣan bá dí lójijì, ìgbà yẹn gan-an ni wàhálà wa. Ìlànà àwọn oníṣègùn ọkàn ni pé kí wọ́n la iṣan náà láàárín 90 ìṣẹ́jú tí aláìsàn bá ti dé ọsibítù tó lè ṣe é. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Tollgate sí abẹ́ bíríìjì Sango ní ìrọ̀lẹ́ mọ ohun tí 90 ìṣẹ́jú jẹ́. Bí ọ̀nà bá jìn, abẹ́rẹ́ tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò gún un láìsí ECG?

Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ tó ń gbani síṣẹ́ òru ni mò ń bá wí. Ẹ ra ECG, ẹ kọ́ nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń kà á, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kan wà nílẹ̀ lóru. Ẹ ní owó kò sí? Jẹnẹrétọ̀ yín tóbi ju kíláàsì wa lọ.

Àbúrò bàbá mi lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ó ní nǹkan kan ti yí padà ní yàrá nọ́ọ̀sì: wọ́n ti ra páálí oògùn funfun tuntun.